AI àti lẹ́tà dókítà: ibo ni kó dé, ibo ni kó ti padà?

Dókítà_Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lónìí lè da nóòtù jákujàku sínú AI, kó sì rí lẹ́tà rìfẹ́rà (èyí tí a fi ń gbé aláìsàn ránṣẹ́ sí dókítà mìíràn) tó dùn ún kà gbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan ti ń lò ó, ọ̀rọ̀ pé ká lò ó tàbí ká má lò ó ti kọjá. Ibi tó yẹ kó dúró sí ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Kó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ wo nóòtù yìí. Mo hun ún fún ìjíròrò wa ni, kò sí aláìsàn kankan lẹ́yìn rẹ̀:

*58F. HTN 6yrs, DM x 2. Leg swelling 2/52, ↓ urine 3/7. BP 178/104. Amlodipine 10mg od, metformin 1g bd. Cr 312, K 5.9, PCV 24. Uses àgbo for knee pain. RVD –ve. Refer nephro.*

Lẹ́tà tí ẹ̀rọ lè fún yín láti inú èyí á tó ojú ìwé kan, á sì dán bíi dígí. Ẹ jẹ́ ká ní ohun tó kọ nìyí, ní ṣókí: obìnrin ọlọ́dún 58 ni, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mẹ́fà, ó ní àtọ̀gbẹ type 2, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìtọ̀ rẹ̀ ń dín kù láti ọjọ́ kẹta oṣù keje, kò sí àléébù ní apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀, hemoglobin rẹ̀ jẹ́ 24, kò sí òògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, ó ń lo òògùn ìbílẹ̀ afúnnilókun, kó máa bá àwọn òògùn rẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rí i nígbà tó bá rọrùn fún yín.

Ẹ bá mi tú u palẹ̀.

Kíndìnrín_ni_tiwa

Dókítà, ẹ ṣeun. Láìfepo-boyọ̀, lẹ́tà yẹn lè pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìparí rẹ̀. Potassium (K) 5.9, ìtọ̀ tó ń dín kù, creatinine (Cr, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ jáde) 312: ọ̀rọ̀ òní nìyẹn. Potassium tó bá ń gòkè lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, kó sì dá a dúró lójijì. Ṣùgbọ́n inú àìmọye lẹ́tà oníwà-pẹ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, ìdí nìyẹn tó fi kọ "nígbà tó bá rọrùn fún yín". Nóòtù yín kò sọ bó ṣe kánjú tó. Ohun tí ẹ ò bá kọ, ẹ̀rọ á bá yín kọ ọ́, á sì kọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú.

Ẹni tó ń gba lẹ́tà ní ẹ̀ka pàjáwìrì UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn, kì í ka ojú ìwé kan tán kó tó pinnu. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ń kà. Ohun mẹ́ta ló yẹ kó bá níbẹ̀: bó ṣe kánjú tó, ohun tó fà á, ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Bí àpẹẹrẹ: "Mo ń fi obìnrin yìí ránṣẹ́ sí yín lónìí torí kíndìnrín rẹ̀ ń kọṣẹ́, potassium 5.9, ìtọ̀ ti dín kù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dialysis ti tọ́ sí i." (Dialysis ni kí ẹ̀rọ máa fọ ẹ̀jẹ̀ dípò kíndìnrín.) Ìtàn ẹ̀jẹ̀ ríru ọdún mẹ́fà lè dúró dìgbà tó bá yá. Ẹ ṣe ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù) fún un kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, kí ẹ so bébà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Bí ẹ bá ti fún un ní nǹkan kan fún potassium yẹn, ẹ kọ iye rẹ̀ àti aago tí ẹ fún un.

Ó ku àwọn ìgékúrú. 2/52 ni ọ̀sẹ̀ méjì, 3/7 ni ọjọ́ mẹ́ta, 4/12 ni oṣù mẹ́rin. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kọ. Nínú lẹ́tà yìí ẹ̀rọ mọ 2/52, torí kò sí déètì tó jọ bẹ́ẹ̀, ó wá kọsẹ̀ lórí 3/7. Ẹni tó bá ti rí i pé àkọ́kọ́ tọ̀nà kì í yẹ ìkejì wò mọ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

"DM x 2" ńkọ́? Ṣé ọdún méjì ni àbí type 2? Èmi gan-an ò lè sọ. Ẹ̀rọ mú ọ̀kan, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

RVD ló tún wá burú jù. Ní Nàìjíríà níbí, a mọ̀ pé àyẹ̀wò HIV là ń pè bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣí fáìlì má baà mọ̀. Ẹ̀rọ kà á sí ọ̀rọ̀ apá ọ̀tún ọkàn. Ó wá dà bí ẹni pé wọ́n ti ya àwòrán ọkàn ìyá yìí tí wọn kò rí nǹkan kan. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kà á lè má béèrè fún echo mọ́. Irú wọn pọ̀: IVF tí a fi ń pe omi tí a fà sí ìṣàn lè di oyún inú ìgò, MS tó jẹ́ ọ̀rọ̀ fáàfù ọkàn lè di àrùn ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, BA, tí a fi ń pe asthma, lè di ohunkóhun.

PCV 24 di hemoglobin 24. PCV ni ìdá ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, nínú ọgọ́rùn-ún; hemoglobin ni ohun tó ń gbé atẹ́gùn nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn. PCV 24 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá hemoglobin 8 g/dL dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn kò tó, lẹ́tà sì ń sọ pé ó ti pọ̀ ju ti ẹni tó lera lọ ní ìlọ́po.

Apòògùn_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n mú "kó máa bá àwọn òògùn rẹ̀ lọ". Ẹ fi ìlànà CKD-EPI ti 2021 ṣírò creatinine 312 µmol/L fún obìnrin ọlọ́dún 58: eGFR rẹ̀ (ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó) á bọ́ sí nǹkan bí 14. (Bí kíndìnrín bá ṣì ń bàjẹ́ lọ lọ́wọ́, ó lè kéré sí ìyẹn gan-an.) Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ yẹn, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹni tí eGFR rẹ̀ bá ti bọ́ sí abẹ́ 30, torí lactic acid lè kún inú ẹ̀jẹ̀. Nóòtù kò sọ pé kó máa lò ó lọ. Ohun tó ń lò nìkan ló sọ. Ẹ̀rọ sọ "ohun tó ń lò" di "ohun tí dókítà ní kó máa lò". Nínú lẹ́tà tí òǹtẹ̀ yín wà lórí rẹ̀, àṣẹ yín nìyẹn.

Àgbo wá di "òògùn ìbílẹ̀ afúnnilókun". Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Orúnkún ló ń dùn ún. Ohun tí dókítà kíndìnrín ń wá ni pé: àgbo wo, ife mélòó lójúmọ́, láti ìgbà wo, ṣé ó sì ń ra diclofenac, ibuprofen tàbí piroxicam ní kẹ́mísì mọ́ ọn? Àwọn oògùn ìrora wọ̀nyẹn wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí nóòtù kò bá dáhùn rẹ̀, kí lẹ́tà sọ pé a ò tíì béèrè.

Ọ̀rọ̀ orúkọ oògùn tún wà níbẹ̀. Ẹ kọ ojúlówó orúkọ, kí ẹ tó kọ ti ilé iṣẹ́. Wọ́n máa ń kọ Moduretic sínú nóòtù láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ lè túmọ̀ rẹ̀ sí "oògùn tó ń mú ni tọ̀" kó sì kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ amiloride tó wà nínú rẹ̀ máa ń gbé potassium sókè. Fún aláìsàn bí èyí, iná lẹ ń dá kún iná. Glibenclamide àti glimepiride náà, oògùn àtọ̀gbẹ méjì tí orúkọ wọn jọra, ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà-lẹ́tà bí ohùn lẹ fi ń kọ ọ́.

Lórí iye: ẹ má kọ "10U" fún insulin, U yẹn lè di òdo kó di 100, ẹ kọ "units" tán pátápátá. Ẹ má kọ 1.0mg, àmì kékeré yẹn á pòórá, á di 10. Microgram yàtọ̀ sí milligram ní ìlọ́po 1,000, ẹ wò ó dáadáa bó bá jẹ́ digoxin tàbí levothyroxine. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín yí ìwọ̀n láàbù padà. Láàbù kan ní Ìbàdàn lè fún yín ní súgà ní mg/dL, kí òmíràn fún yín ní mmol/L. 18 la fi ń pín tàbí sọ di púpọ̀ fún súgà, 88.4 fún creatinine. AI lè fi ti súgà ṣe ti creatinine, kó sì gbé èsì rẹ̀ kalẹ̀ láìmikàn. Bí láàbù ṣe kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e.

Àkọsílẹ̀_Yemẹtu

Ẹ kú ọpọlọ pípé o. Ti ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ni tèmi.

Ẹ máa kọ M tàbí F nígbà gbogbo. Ayọ̀délé, Olúwaṣeun, Táíwò, orúkọ wọ̀nyí kò sọ akọ tàbí abo, lẹ́tà òyìnbó sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹ̀rọ á dá a lábàá, á sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé ìparí.

Àwọn ìbejì ńkọ́? Orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá kan náà. Nọ́ńbà káàdì nìkan ló ya Táíwò sọ́tọ̀ sí Kẹ́hìndé. Bí àwọn méjèèjì bá jọ dé kílíníìkì lọ́jọ́ kan náà, tí ẹ sì kọ lẹ́tà wọn tẹ̀léra nínú ìjíròrò kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹ̀rọ, genotype èyí lè bọ́ sínú lẹ́tà ìyẹn. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ nọ́ńbà káàdì sórí lẹ́tà lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, pẹ̀lú fáìlì lójú yín.

Dókítà_Mọ́níyà

Ẹ dákun, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Gbogbo ohun tí ẹ ń kà sílẹ̀ yìí, kí la wá ń fi AI ṣe?

Fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan tí a tẹ̀ sórí bébà A4 ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lókè: ÒNÍ / Ọ̀SẸ̀ YÌÍ / KÒ KÁNJÚ, kí ẹ fa ìlà sí ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ìdí, ìbéèrè, oògùn àti iye, oògùn tí ara kọ̀ (a béèrè, kò sí / a ò béèrè), èsì àti déètì rẹ̀, ohun tí a ti ṣe àti aago, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò NEPA, kì í hun irọ́. Ibi tí ẹ ò bá kọ nǹkan sí á ṣófo, ojú á sì rí i pé ó ṣófo. Lẹ́tà AI kì í ní ibi tó ṣófo, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ẹni tó bá sì ní láti kọ nóòtù rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ kí ẹ̀rọ má baà ṣìnà, kí ló kù tí kò tíì kọ nínú lẹ́tà ọ̀hún?

Kíndìnrín_ni_tiwa

Mo gbà fún yín lórí pàjáwìrì. Fún aláìsàn òkè yẹn, fọ́ọ̀mù Dókítà Mọ́níyà ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ yára kọ ọ́ kí ọkọ̀ gbéra.

Níbi tí mo ti yà sọ́tọ̀ ni ìwé díṣáàjì ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù. Fáìlì rẹ̀ ti nípọn, ọwọ́ ìkọ̀wé dókítà márùn-ún wà nínú rẹ̀, house officer (dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde) tó ń kọ ọ́ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á wọlé. Bí nóòtù bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ lè to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀léra, kó fa èsì creatinine ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jáde, kó sì fi hàn pé oògùn kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin kò ní ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró. Ìyẹn ju iṣẹ́ akọ̀wé lọ.

Ọ̀nà kejì tí mo fẹ́ràn jù: ẹ má ní kó kọ lẹ́tà rárá. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ wá ní kó bi yín ní ìbéèrè tí dókítà tó máa gbà á lè bi yín. Bó bá béèrè pé "DM x 2, ọdún ni àbí irú?", ó ti san owó ara rẹ̀. Bó bá sì ṣìnà, ìbéèrè lásán ló ṣì, kò sí ohun tó wọ inú lẹ́tà.

Dátà_Bódìjà

Ẹ káàsán o. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tèmi, n ò ní dá sí ti oògùn.

Ẹ ṣí ìjíròrò tuntun fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Àkọsílẹ̀_Yemẹtu sọ nípa ìbejì, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: gbogbo ohun tí ẹ ti tẹ̀ ṣáájú nínú ìjíròrò kan ṣì wà níwájú ẹ̀rọ nígbà tó bá ń kọ èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá sì ní ètò tó ń rántí nǹkan láti ìjíròrò kan dé òmíràn, ẹ pa á.

Ìtọ́ni tí ẹ máa fún un ṣe pàtàkì. Èyí tí mo máa ń dábàá rèé. Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́, torí òun ló gbọ́ jù:

*Fi àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí nìkan kọ lẹ́tà. Má fi ohunkóhun kún un. Ibi tí ìdáhùn kò bá sí, kọ KÒ SÍ NÍNÚ ÀKỌSÍLẸ̀. Má tú ìgékúrú kankan, gbé e bó ṣe wà. Má yí nọ́ńbà, ìwọ̀n tàbí déètì padà. Má dábàá ìtọ́jú. Má sọ bó ṣe kánjú tó àyàfi bí mo bá sọ ọ́. Má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì àyọlò. Lẹ́yìn lẹ́tà, to gbogbo ohun tó lè ní ìtumọ̀ méjì sílẹ̀ bí ìbéèrè.*

Ìtọ́ni yìí á dín àṣìṣe kù, kò ní pa á run. Bí ètò tí ẹ ń lò bá jẹ́ kí ẹ yí temperature rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe lè yà kúrò lójú ọ̀nà tó), ẹ fi sí 0 tàbí 0.2 kó má máa hun ọ̀rọ̀ aládùn.

Àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ lọ síwá-sẹ́yìn. Ẹ mú bírò. Láti nóòtù lọ sí lẹ́tà: ẹ fa àmì sí nọ́ńbà àti oògùn kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń rí i nínú lẹ́tà, èyí tí kò ní àmì ti jábọ́. Láti lẹ́tà padà sí nóòtù: gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ ò rí orísun rẹ̀, ẹ yí i po, ẹ̀rọ ló fi kún un. Ẹni tó bá ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo á mú èyí tó jábọ́, á pàdánù èyí tó kún un, "kò sí òògùn tí ara rẹ̀ kọ̀" á sì wọlé wọ́ọ́rọ́.

Fún àwọn tí kò fẹ́ kí nǹkan jáde kúrò ní ọsibítù: ẹ lè gbé ẹ̀rọ kékeré sórí láptọ́ọ̀pù yín. Ollama ni ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Llama 3.1 8B, AI kékeré kan tí wọ́n ti fún mọ́ra, gbà tó bíi 5GB lórí díìsìkì. Ó fẹ́ RAM 16GB kó tó lè mí dáadáa. Láìsí káàdì àwòrán, lẹ́tà ojú ìwé kan lè gbà á ní ìṣẹ́jú kan sí mélòó kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ẹ bá ń gbà á wálẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré yìí máa ń fo ìlà bí nóòtù bá gùn, ẹ má fún un ju ojú ìwé kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tan BitLocker (tó ń ti díìsìkì pa) sórí láptọ́ọ̀pù náà pẹ̀lú, torí bí wọ́n bá jí i ní Dùgbẹ̀, AI kọ́ ni ìṣòro yín mọ́.

Agbẹjọ́rò_Ìyágankú

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Abala 26 nínú National Health Act ti 2014 sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn àṣírí ni, àyàfi níbi tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i tàbí tí òfin bá yọ̀ǹda. Nigeria Data Protection Act ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, ó sì ní ìlànà tirẹ̀ lórí gbígbé e jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè. AI ọ̀fẹ́ tó wà lórí fóònù, òkè òkun ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ ronú síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ nóòtù mọ́ ọn.

Yíyọ orúkọ kúrò kò tó. "Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, Òkè-Àdó, tó ní ìyàwó mẹ́ta, tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀": ta ni kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò? Ẹ yọ àdírẹ́sì, iṣẹ́, nọ́ńbà káàdì àti déètì gan-an. Ẹ fi "Aláìsàn A" dípò orúkọ, kí ẹ fọwọ́ kọ ìyókù sí i lẹ́yìn.

Ìwé excuse duty tí ẹ ń kọ sí ọ̀gá iṣẹ́: ẹ̀rọ lè kọ orúkọ àrùn sí i, torí ó rò pé àlàyé kíkún dára. Ọ̀gá iṣẹ́ kò nílò ju ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ ìpadà lọ, àfi bí aláìsàn bá gbà. Bó bá jẹ́ HIV, òfin 2014 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìròyìn fún ọlọ́pàá tàbí kóòtù ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fi AI kọ rárá. "Ó ní ọkọ òun ló lù òun" lè di "ọkọ rẹ̀ lù ú". "Ọgbẹ́ sẹ̀ntímítà mẹ́rin ní apá òsì" lè di "ọgbẹ́ ọ̀bẹ". Dókítà ló máa dúró nínú àpótí ẹ̀rí, wọ́n á sì bi í báwo ló ṣe mọ̀ pé ọ̀bẹ ni. Ìwé tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde náà ní ohun tí abala 84 nínú Evidence Act ti 2011 ń béèrè kí kóòtù tó gbà á.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà_Bẹẹrẹ

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin dókítà. Ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu ba àwọn tó ń fi ohùn sọ ọ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ́.

Ẹ̀rọ Whisper tí ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí gbé lé, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nípa rẹ̀ ní 2024. Nínú bíi 1 nínú 100 ègé ohùn tí wọ́n fún un, ó hun odidi gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ, àwọn tó máa ń dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ẹ wá wo yàrá dókítà: ìgbà tí ẹ bá ń wọn BP, gbogbo ilé á dákẹ́, fáànù nìkan ló ń dún, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé. Ẹ má jẹ́ kó máa gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí aláìsàn jáde tán, kí dókítà wá sọ àkópọ̀ rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kó sì pa á. Fifteen àti fifty, ẹ pè é ní "one-five" àti "five-zero".

Ọ̀rọ̀ wa níbí kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. "Mummy, headache yẹn, ṣé ó ti lọ sílẹ̀ àbí ó ṣì ń fọ́ yín lórí?" Ẹ̀rọ lè gbé apá kan, kó da apá kejì nù. AfriSpeech-200, àkójọ ohùn tó jáde ní 2023, wákàtí 200 ohùn àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣègùn ló wà nínú rẹ̀. Ó ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti gbọ́ bí a ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí màmá bá sọ pé "àyà mi ń já", ẹ fi í sáàárín àmì àyọlò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ ọ́ di ìrora àyà, ẹ ti gbé ẹni tí ìbẹ̀rù ń bá jà lọ sí kílíníìkì ọkàn. Dókítà tó máa gbà á ní Ìbàdàn gbọ́ Yorùbá.

Ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fún aláìsàn ní Yorùbá náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè kà á sókè kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. "Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́" àti "ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́" kò jọra lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Dókítà_Agbowó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ wo nóòtù ọ̀hún bí mo ṣe tún un kọ:

*LÓNÌÍ. 58, obìnrin. Ìdí: kíndìnrín ń kọṣẹ́, potassium 5.9 mmol/L. Ìbéèrè: ṣé dialysis ti tọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru ọdún 6. Àtọ̀gbẹ ọdún 2. Ẹsẹ̀ wú ọ̀sẹ̀ 2, ìtọ̀ dín kù ọjọ́ 3. BP 178/104. Creatinine 312 µmol/L. PCV 24%. Amlodipine 10mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Metformin 1g lẹ́ẹ̀mejì, a ti dá a dúró lónìí. Àgbo fún orúnkún: "ife kan láàárọ̀", oṣù 4. Oògùn ìrora mìíràn: diclofenac, a kò mọ iye. Oògùn tí ara kọ̀: a béèrè, kò sí. HIV: kò sí.*

Dókítà_Mọ́níyà

Hẹn ẹ́n. Lẹ́tà nìyẹn. Ẹ fi òǹtẹ̀ lù ú, kí ẹ má tún fún ẹ̀rọ kankan.

Kíndìnrín_ni_tiwa

Ó kù díẹ̀. Déètì àti aago tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún potassium yẹn dà? Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ nínú ìgò kó tó dé láàbù, tàbí tí wọ́n fagbára fà jáde, potassium rẹ̀ lè gòkè lásán. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ dá ìyá dúró. ECG ńkọ́? Ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ sì yọ ìlà HIV kúrò bí ọ̀rọ̀ náà kò bá kan ìtọ́jú yìí. Tí àwọn tó gbà á bá nílò rẹ̀, wọ́n á ṣe tiwọn.

Dókítà_Mọ́níyà

Ìbéèrè kan péré ló kù. Ẹni tó bá fi AI kọ ọ́, ṣé kó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé AI ló bá òun kọ ọ́?

Agbẹjọ́rò_Ìyágankú

Bí ọsibítù yín bá ní ìlànà lórí rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Bí kò bá ní, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì yín: ètò wo, ọjọ́ wo, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má kọ "AI ló kọ ọ́, ẹ fojú sí i" sísàlẹ̀ lẹ́tà bí ẹni tó ń wá ibi sá sí. Ìbuwọ́lùwé yín ló gbé gbogbo rẹ̀, àṣìṣe inú rẹ̀ náà sì jẹ́ tiyín.

Kíndìnrín_ni_tiwa

Èmi tí mò ń gbà á, kò kàn mí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà fóònù dókítà tó fojú ara rẹ̀ rí aláìsàn ni mò ń wá, èyí tí wọ́n á gbé bí a bá pè láago méjì òru.

Àkọsílẹ̀_Yemẹtu

Kí ẹ jọ̀ọ́ kọ ọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ aláìsàn. Ìsàlẹ̀ bébà ni wọ́n máa ń gún pọ̀ mọ́ fáìlì.